Bí ètò onípolówó ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà ilé, àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́

Ọmọ iléèwé kan ní Kubwa fẹ́ sọ àwòrán iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ di PDF. Ó wá ètò tó lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé kan ṣí, bọ́tìnì Download mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan péré ni ti ohun tó ń wá. Ìpolówó ni méjì tó kù, àwọn ló sì tóbi jù. Nígbà tó fi máa dalẹ́, kọ̀ǹpútà ilé ti di nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá ṣí Chrome, ojú ewé ìwákiri tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló ń yọjú. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ń ṣàdédé jáde ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, dátà tí wọ́n rà fún ọ̀sẹ̀ kan ò sì rí ọjọ́ kẹrin.

Fáírọ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn. Ògiri tó lanu ni alángbá ń wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alángbá tibí máa ń kanlẹ̀kùn, ó sì máa ń gbàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wínníwínní ló fi ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ antivirus fi ń ṣọ́ra láti pè é ní fáírọ́ọ̀sì: ẹni tó ṣe é lè sọ pé onílé ló tẹ "I agree", kó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. PUP ni wọ́n wá ń pè é, ìyẹn ètò tó ṣeé ṣe kí onílé má fẹ́. Ká sọ tòótọ́, ta ló fẹ́ ẹ?

Owó ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ni ètò ọ̀fẹ́ náà ń gbowó lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó bá bá ẹlòmíì gbé ètò tirẹ̀ wọ̀. Ìwádìí tí àwọn òṣìṣẹ́ Google àti Yunifásítì New York gbé jáde ní 2016 fi hàn pé owó náà máa ń wà láàárín sẹ́ǹtì 10 sí dọ́là 1.50 lórí ẹyọ kan. Abájọ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé tó ń gbé ètò wọlé bíi pàkúté: "Express" hàn gbangba, "Custom" wà lábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ẹni tó bá tẹ Custom ni yóò rí àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ti bá a tẹ àmì sí. Yíyọ àmì wọ̀nyẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà mìíràn, onílé ò tẹ nǹkan kan. Láàárín 2014 sí 2015, Lenovo ta àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun tí ètò ìpolówó Superfish ti wà nínú wọn, èyí tó ń dá sí ìsopọ̀ tó yẹ kó wà ní títì, títí kan ti báńkì. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ ní Wuse, Windows tuntun ni kó kọ́kọ́ fi sí i.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyọ rẹ̀ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí bíráwúsà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome. Wọ́n á yọ extension, ìyẹn ètò kékeré tó so mọ́ bíráwúsà, lónìí, á tún dé lọ́la, torí ètò tó gbé e wá ṣì jókòó sínú Windows. Settings ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n ṣí Apps, kí wọ́n to orúkọ wọn bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé ṣe tẹ̀ léra. Gbogbo ohun tó bá bá PDF wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí, kó jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti extension.

Ìpolówó tẹ́tẹ́ igun ọ̀tún yẹn ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tinú ètò kankan wá. Ìkànnì kan ló ní kí ọmọ tẹ Allow láti fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, ọmọ sì tẹ̀ ẹ́. Inú Site settings ti Chrome, lábẹ́ Notifications, ni wọ́n ti ń gba àṣẹ náà padà. Antivirus lè má rí i rárá, torí kò sí fáìlì tó máa rí.

Àwòrán Chrome tí wọ́n ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà yẹ ní wíwò. Nínú Properties rẹ̀, ìlà kan wà tó ń jẹ́ Target. Bí àdírẹ́sì ìkànnì kan bá tẹ̀ lé chrome.exe níbẹ̀, kí wọ́n pa àdírẹ́sì náà rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni AdwCleaner ti ilé-iṣẹ́ Malwarebytes, ètò tó ń wá irú àwọn nǹkan wọ̀nyí rí, tó sì ń yọ wọ́n; ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìkànnì àwọn tó ni ín nìkan. Ayédèrú rẹ̀ ti wà rí. Nínú Windows Security, kí wọ́n rí i pé "Potentially unwanted app blocking" wà ní títàn.

Èyí tó kù ni Task Scheduler, níbi tí àwọn ètò wọ̀nyí máa ń fi aago sí, kí wọ́n lè padà wá fúnra wọn. Nítorí náà, kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí Chrome bá ṣí lọ́jọ́ náà tí ojú ewé àjèjì ò yọjú, ó ti lọ.