Bí àwọn ará abúlé ṣe lè fi òwò pankẹ́rẹ́ dá igbó sí

Ọ̀pẹ ni pankẹ́rẹ́, àmọ́ kò lè dá dúró. Okùn gígùn tó kún fún ìkọ́ ẹlẹ́gùn-ún ló fi ń há mọ́ ẹ̀ka igi títí orí rẹ̀ á fi yọ sí oòrùn. Ọ̀pá àwọn irú kan máa ń gùn ju 100 mítà lọ. Nǹkan bí 600 irú ló wà láyé. Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù wà; bí 20 ni ti ilẹ̀ Áfíríkà, lára wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Laccosperma àti Eremospatha, àti Calamus deerratus. Bí wọ́n bá gé igi ńlá tó gbé pankẹ́rẹ́ dání, pankẹ́rẹ́ náà á wó lulẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ á lọ́ mọ́ra, kò sì ní í ṣe é tà mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbin ìrẹsì, rọ́bà tàbí ọ̀pẹ elépo yóò kọ́kọ́ ṣán igbó. Ẹni tó fẹ́ máa gé pankẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí igi wà lóòró. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ètò fífi pankẹ́rẹ́ dá igbó sí dúró lé.

Àmọ́ kò lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú igbó tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ gé nígbà tó bá wù ú, ẹni tó dá ọ̀pá kan sí kí ó lè gbó ti pàdánù, nítorí ẹlòmíì á gé e lọ́la. Bí ọjà bá wá gbówó lórí níbẹ̀, ńṣe ni pankẹ́rẹ́ á tètè tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀tọ́ lórí igbó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ, ṣáájú olùrà, ṣáájú ìdálẹ́kọ̀ọ́ híhun àga.

Ẹ̀tọ́ àti ààlà

Ohun tí ẹgbẹ́ abúlé nílò ni ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn aláṣẹ igbó. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ààlà dé, ẹni tó lè gé, iye tí wọ́n lè gé lọ́dún, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá rú òfin. Iye ọdún tó wà nínú ìwé náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Irú pankẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Calamus caesius, bí wọ́n bá gbìn ín lónìí, kò ṣe é gé kí ó tó pé bí ọdún 7 sí 8; Calamus manan lè gbà tó ọdún 15. Ìwé ọlọ́dún méjì kò lè mú kí ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan, kò sì lè mú kí ó dá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sí.

Ààlà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìka fà sórí àwòrán ilẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Àwọn àgbààgbà abúlé tó múlé tira gbọ́dọ̀ jọ rìn ín, kí wọ́n sàmì sára igi, kí wọ́n sì gba ibi àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí fóònù. Bí àwọn kan láti abúlé kejì bá ti ń gé níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fún wọn ní ìpín tiwọn nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n lé jáde kò ní í ṣíwọ́ gígé, òru ló kàn máa ń wá.

Kíkà kí ẹnikẹ́ni tó gé

Ibi tí ètò púpọ̀ ti ń bàjẹ́ rèé, nítorí wọ́n ń fojú wo igbó, wọ́n á ní pankẹ́rẹ́ pọ̀. Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó wọ igbó, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jìnnà síra bákan náà, kí wọ́n sì fi kọ́ńpáàsì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá jẹ́ kí afinimọ̀nà mú wọn lọ ibi tó mọ̀ pé pankẹ́rẹ́ pọ̀ sí, iye tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀ ní ti gidi.

Lórí ìlà yìí, wọ́n á wọn abala tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì gùn ní mítà 100. Nínú abala kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka ìdí pankẹ́rẹ́, ọ̀pá tó wà ní ìdí kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti gbó, èyí tó ṣì ń dàgbà, àti ọmọ kéékèèké tí kò tíì yọ ọ̀pá. Ká ní wọ́n wọn abala 20. Hẹ́kítà 2 nìyẹn. Bí wọ́n bá rí ọ̀pá 240 tó gbó, a jẹ́ pé 120 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Ká ní igbó tó ṣe é gé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ etí odò àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kúrò, jẹ́ hẹ́kítà 300: 36,000 ọ̀pá. Wọ́n á pín igbó náà sí mẹ́rin, wọ́n á máa gé ìdá kan lọ́dún, kí àwọn mẹ́ta yòókù sinmi. Ìdá kan ní 9,000 ọ̀pá. Wọ́n á fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sílẹ̀ fún èso, wọ́n á gé 6,000. Iye tí ẹgbẹ́ lè ṣèlérí fún olùrà lọ́dún náà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ wo àwọn ọmọ kéékèèké dáadáa. Bí àgbà bá pọ̀ tí ọmọ kò sì tó nǹkan, igbó náà ti ń lọ sópin bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ṣì ń jáde nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, inú abala kan náà ni kí wọ́n ti tún kà.

Gígé

Kí wọ́n tó gbé àdá, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ irú pankẹ́rẹ́ tó wà níwájú wọn. Calamus manan, tí àwọn tó ń ṣe àga fẹ́ràn jù fún férémù, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń ní. Bí wọ́n bá gé e, ó kú nìyẹn. Ibi tó bá jẹ́ irú èyí ló pọ̀, gígé láìgbin òmíràn dípò rẹ̀ kì í ṣe òwò, píparun ni. Calamus caesius àti Calamus trachycoleus ní tiwọn ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ṣe, wọ́n sì lè tún dé bẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ẹni tó ń wo bí ọ̀pá ṣe nípọn tó láti mọ̀ bóyá ó gbó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Pankẹ́rẹ́ kì í sanra sí i bí igi. Bí ọ̀pá bá ṣe tóbi tó nígbà tó yọ lókè ilẹ̀ náà ló ṣe máa tóbi mọ títí. Gígùn nìkan ló ń gùn sí i. Àmì gbígbó ni pé èèpo ẹlẹ́gùn-ún tó bo ìsàlẹ̀ ọ̀pá ti gbẹ, ó ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pá sì ti hàn síta. Èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù, tó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, máa súnkì bó bá gbẹ, kò sì ní í lágbára.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí wọ́n ti gé, díẹ̀ sókè ibi tí ọmọ ti yọ, kí àdá má baà ba ọmọ jẹ́. Ẹni tó dúró gé e ní ìbàdí fi èyí tó dára jù nínú ọ̀pá sílẹ̀ kí ó rà dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n á fà á, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ara igi kí èèpo àti ẹ̀gún lè bọ́. Mítà méjì tàbí mẹ́ta tó wà lókè ṣì rọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nù. Bí orí rẹ̀ bá há mọ́ ẹ̀ka, wọn kò gbọ́dọ̀ gé igi nítorí rẹ̀. Àwọn tó ń fà á gbọ́dọ̀ máa wòkè, torí ẹ̀ka gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ já. Nínú àwọn kan lára irú pankẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Korthalsia, èèrà ló ń gbé inú èèpo, wọ́n sì ń ta.

Lára àwọn Calamus, akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n máa dá sí fún èso gbọ́dọ̀ ní méjèèjì nínú. Ti Laccosperma yàtọ̀: ọ̀pá tó bá so lẹ́ẹ̀kan ń kú, ìdí rẹ̀ nìkan ló ń wà láàyè, nítorí náà kò sí èrè nínú dídá ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sí lẹ́yìn tí èso rẹ̀ bá ti já.

Fún gbígbìn, wọ́n á fọ ẹran ara èso kúrò, wọ́n á sì gbin kóró rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn, ó kú. Abẹ́ ibòji ló ń hù dáadáa, àmọ́ ibòji tó ṣú jù á mú kó jókòó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyọ ọ̀pá. Ní Kalimantan, lórílẹ̀-èdè Indonesia, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin pankẹ́rẹ́ sáàárín ìrẹsì nínú oko tuntun. Bí wọ́n bá kórè ìrẹsì tán, wọ́n á fi oko sílẹ̀ kí ó di igbó, igi tó ń hù padà ni pankẹ́rẹ́ náà ń gùn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn gígé

Omi àti ṣúgà pọ̀ nínú pankẹ́rẹ́ tútù. Bó bá wà nílẹ̀ igbó fún ọjọ́ mélòó kan, èéhù á wọ inú rẹ̀, á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù tó ń ṣú lọ sí dúdú, tí ohunkóhun kò lè fọ̀ kúrò. Kòkòrò tó ń lu ihò tíntìntín náà ń fẹ́ràn tútù. Nítorí náà ọjọ́ gígé gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ mu.

Èyí tó nípọn ju mìlímítà 18 lọ, inú epo ni wọ́n ti ń sè é, ó sábà máa ń jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n po mọ́ epo àgbọn tàbí epo ọ̀pẹ, nínú ọpọ́n irin gígùn, fún bí ìdajì wákàtí. Bí fóòmù tó ń hó yọ lára rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, omi ti jáde tó. Bó bá pẹ́ jù, á pọ́n, á sì máa ṣẹ́. Bí kò bá tó, èéhù á ṣì mú un. Wọ́n á fi àkísà àti lẹ́bú igi nù ún kíákíá nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á nà án lóòró kí oòrùn àti atẹ́gùn lè dé gbogbo ara rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Epo yìí lè gbiná. Ìta ni kí iná wà, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òrùlé koríko, kí ìdérí irin àti iyanrìn wà nítòsí. Omi kì í pa iná epo, ńṣe ló ń tàn án káàkiri. Epo tí wọ́n ti lò tán kò gbọ́dọ̀ dé odò, torí pé odò yẹn wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò.

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń gbo èèpo dídán rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ń fi èéfín imí-ọjọ́ fín kí ó lè funfun. Èéfín náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí yàrá rẹ̀ jìnnà sílé, kí ó sì ṣe é tì pinpin. Lẹ́yìn gbígbẹ, kòkòrò mìíràn tún wà tó ń jẹ ọ̀pá di lẹ́bú. Omi boric acid àti borax, èròjà tó ń pa kòkòrò, ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀.

Owó

Ó kéré tán, ìdajì ìwọ̀n pankẹ́rẹ́ tútù ni omi. Ká ní olùrà ń san 10 lórí kílò tútù: kílò 100 á mú 1,000 wá. Bí kílò 100 yẹn bá gbẹ ku 45, tí wọ́n sì tà á ní 20 lórí kílò, 900 ni wọ́n gbà, bẹ́ẹ̀ iye náà dà bí ìlọ́po méjì létí, wọ́n sì ti náwó sórí epo àti òógùn. Kí ẹgbẹ́ wọn ọ̀pá 10 nígbà tó tutù, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tó gbẹ, kí wọ́n tó dá iye kankan fún ẹnikẹ́ni.

Alárobọ̀ ń yá àwọn tó ń gé lówó ṣáájú, ó sì ń fi ìyẹn gba ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó láti san lọ́jọ́ tí ọjà dé kò lè bá a dù ú. Owó yìí ló yẹ kí ìrànwọ́ àkọ́kọ́ lọ sí, kì í ṣe ilé ńlá.

Ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ń tọ́jú igbó bó ṣe yẹ náà ń ṣí ọjà. Lọ́dún 2011, pankẹ́rẹ́ láti igbó àwọn ará abúlé ní Bolikhamxay, lórílẹ̀-èdè Laos, gba ìwé ẹ̀rí FSC (Forest Stewardship Council), àjọ àgbáyé tó ń rí sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún ń náni, nítorí náà abúlé mélòó kan ló ń jọ gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí olùrà tó ṣe tán láti san owó lé e.

Òfin ìjọba lè dojú gbogbo rẹ̀ dé. Indonesia ló ń pèsè pankẹ́rẹ́ jù láyé. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti fòfin de kíkó pankẹ́rẹ́ tí kò tíì di àga tàbí apẹ̀rẹ̀ jáde, kí ilé iṣẹ́ àga tó wà nílé lè rí i lò. Iye tí wọ́n ń san fún àwọn àgbẹ̀ Kalimantan já wálẹ̀, àwọn kan sì yí ọgbà pankẹ́rẹ́ wọn padà sí rọ́bà àti ọ̀pẹ elépo. Ẹgbẹ́ tó ń hun apẹ̀rẹ̀ tàbí ìjókòó àga fúnra rẹ̀, tó sì ní olùrà tó ju ẹyọ kan lọ, kì í tètè bá irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọjà bá wá ń yá, àkókò tó léwu jù nìyẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àmì lára ìdì pankẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìpín igbó tó ti wá, ẹni tó gé e, ọjọ́, iye ọ̀pá. Akọ̀wé á máa ro ó pọ̀ nígbà tí ìdì bá ti dé orí òṣùwọ̀n. Bó bá ti pé ọ̀pá 6,000 tí a ṣírò lókè, wọ́n á ti ìpín náà títí ọdún kẹrin, ìdì tí kò bá ní àmì kò sì ní í gba owó.