Ta ló máa jẹ́rìí ìmọ́lẹ̀ yẹn? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ dìtẹ́kítọ̀ gámà àti niútírọ́ọ̀nù wò

Kó tó di pé kọ̀ǹpútà ń bá wa ka nǹkan, ojú èèyàn gan-an ni wọ́n fi ń ka rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán àti pátíkù kéékèèké tó ń jáde látinú àwọn nǹkan bíi rédíọ́mù, mi ò ṣàwàdà o. Ohun tó bá ń fi í hàn là ń pè ní dìtẹ́kítọ̀. Ní 1903, William Crookes gbé rédíọ́mù bíńtín súnmọ́ pátákó tí wọ́n kun zinc sulphide sí, ó wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó nínú òkùnkùn, àṣé ìmọ́lẹ̀ tó dà bíi pé ó kàn ń tàn lójú kan yẹn, kéékèèké ni, wọ́n ń kọ yẹ̀rì lọ́kọ̀ọ̀kan, pátíkù álífà kan (ọ̀kan lára ohun kéékèèké tí rédíọ́mù ń jù jáde), ìmọ́lẹ̀ kan. Elster àti Geitel náà rí i ní Jámánì lọ́dún kan náà. Àwọn tó mọṣẹ́ ò sì pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ohun téèyàn bá ti lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé kà nìyẹn.

Bí Geiger àti Marsden ṣe jókòó sínú òkùnkùn ní Manchester ní 1909 nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ dúró títí òkùnkùn á fi mọ́ ojú wọn lára, wọ́n á wá máa kà. Kíkà yẹn ló gbé Rutherford, ọ̀gá wọn, dé ibi tó ti sọ ní 1911 pé átọ́ọ̀mù ní kóró láàárín. Ẹ wò ó, odidi ìmọ̀ nípa átọ́ọ̀mù dúró lórí ojú ẹni méjì kan tí wọ́n ń ṣẹ́jú bíi ti gbogbo èèyàn! Ṣé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó tàn ni wọ́n rí? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdánwò dìtẹ́kítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti wà ṣáájú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀.

Ọgbọ́n tí Geiger àti Werner dá sí i ní 1924 dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n ní kí èèyàn méjì máa wo pátákó kan ṣoṣo, kálukú á máa tẹ bọ́tìnnì tiẹ̀, wọ́n á wá wo èyí táwọn méjèèjì jọ rí. Ká ní ẹnì kìíní rí 80, ẹnì kejì rí 90, tó sì jẹ́ pé 72 ni wọ́n jọ rí, á jẹ́ pé nínú 90 ti ẹnì kejì, 72 ni ẹnì kìíní rí, ìyẹn 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 100 ló tàn lóòótọ́. Wọn ò mọ iye tó tàn tẹ́lẹ̀ o, síbẹ̀ wọ́n fi ojú méjèèjì wọn ara wọn.

Àmọ́ ẹni tí kò rí nǹkan tó wà yàtọ̀ sí ẹni tó ń rí nǹkan tí kò sí. Ní Vienna, Pettersson àti Kirsch ń sọ pé àwọn ń fọ́ kóró átọ́ọ̀mù púpọ̀ tí àwọn ti Rutherford ní Cambridge ní kò fọ́, ìjà yẹn fa ọdún púpọ̀. Ní December 1927 James Chadwick láti Cambridge lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ka ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, Chadwick wá to ẹ̀rọ bó ṣe wù ú, kò sọ ohun tó gbé síwájú pátákó fún wọn, ni iye tí wọ́n kà ò bá bá ohun tó wà níwájú wọn mu mọ́. Wọn ò purọ́ o, ohun tí wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa retí ni ojú wọn ń rí. Wọn ò pariwo ẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú parí síbẹ̀, ẹ̀rọ Geiger-Müller tó dé ní 1928, tó ń fi iná mànàmáná ka rédíéṣọ̀n, ló gbapò.

Ní 1944 ni Curran àti Baker, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ogun ní Berkeley, gbé photomultiplier, ẹ̀rọ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín di iná mànàmáná tó ṣeé wọ̀n, síbi tí ojú máa ń wà. Ó ṣì ku gámà, ìtànṣán tó máa ń wọnú nǹkan lọ jìnnà, torí pé zinc sulphide tín-ínrín ni, gámà á kàn gba inú ẹ̀ kọjá, tó o bá sì kùn ún nípọn, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ ò ní ríbi jáde. Hartmut Kallmann ní Berlin, ní 1947, ló wá lo naphthalene, káńfọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ yẹn gan-an, torí pé ó mọ́ gaara bó ti wù kó nípọn tó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Robert Hofstadter fi thallium díẹ̀ sínú sodium iodide ní Princeton, iodine inú ẹ̀ sì wúwo débi pé gámà lè já gbogbo agbára ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìdánwò yí padà pátápátá, kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀ nìkan mọ́, bí kálukú wọn ṣe mọ́lẹ̀ tó ni. Wọ́n á gbé cesium-137 síwájú ẹ̀, gámà 662 keV ló ń tú jáde (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára, 1,000 rẹ̀ ló di MeV kan), wọ́n á wo bí òkè tó yọ lórí àwòrán ní agbára yẹn ṣe fẹ̀ tó ní ìdajì gíga ẹ̀. Sodium iodide tó dáa máa ń wà ní nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yẹn, tó bá fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, àfàìmọ̀ kí omi má ti wọ inú agolo ẹ̀, torí ó máa ń fa ọ̀rinrin gan-an.

Niútírọ́ọ̀nù, pátíkù tó máa ń wà nínú kóró átọ́ọ̀mù, ló wá le jù. Kò ní iná kankan lára, àfi kó gbá kóró háídírójìn, tàbí kí lithium-6 gbé e mì kó sì tú 4.78 MeV jáde, kí ìmọ́lẹ̀ tó lè yọ. Èyí tó wá burú jù ni pé gámà máa ń bá californium-252 àti àwọn orísun niútírọ́ọ̀nù yòókù jáde, scintillator (ohun tó ń tàn bí rédíéṣọ̀n bá kàn án) bíi kírísítálì stilbene sì ń rí méjèèjì. Ní 1959 Brooks lo ìrù ìmọ́lẹ̀ yẹn: èyí tí niútírọ́ọ̀nù bá fà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú ju ti gámà lọ. Látìgbà náà, wọ́n á fi cesium yẹ gámà nìkan wò, wọ́n á wá gbé californium dé, wọ́n á wo bóyá òkìtì méjì tó yọ lórí àwòrán jìnnà síra wọn tàbí wọ́n kó wọnú ara wọn. (Californium ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 2.6 o, kí ẹnikẹ́ni má lọ dá kírísítálì lẹ́bi tí iye bá ń já.) Stilbene ò sì ní òkè 662 yẹn rárá, etí Compton ní 477 keV, ìyẹn agbára tó pọ̀ jù tí gámà yẹn lè fi sílẹ̀ tó bá kàn gbá elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kọjá, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó yá, ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe kírísítálì kan ní Delft tí wọ́n ń pè ní CLYC, lithium wà nínú ẹ̀. Niútírọ́ọ̀nù tó bá rọra rìn wọ ibẹ̀ máa ń gbé òkè tiẹ̀ dúró sí nǹkan bíi 3.2 MeV, gámà 2.6 MeV tó máa ń wà nínú ilẹ̀ àti ògiri ò sì dé ibẹ̀, ó kàn dá dúró lápá ọ̀tún ni.