Ìtọ́jú alùpùpù àti ohun èlò àfikún rẹ̀

Ìtọ́jú alùpùpù ni àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ẹni tó ń gun alùpùpù lójoojúmọ́ ń ṣe fúnra rẹ̀, tàbí tó ń gbé lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ́ńjìnnì, ṣéènì, bíréèkì àti táyà má baà dá a dúró lójú ọ̀nà. Ohun èlò àfikún ni àwọn nǹkan tí kò bá alùpùpù wá láti iléeṣẹ́, tí ẹni tó rà á ń fi kún un tàbí tó ń lò pẹ̀lú rẹ̀: akoto, gáàdì ẹsẹ̀, kááríà, iná, agbòòrùn.

Alùpùpù tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni irú èyí tó kún ojú títì láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́, títí wọ Kétu àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: onísílíńdà kan, tí ìtóbi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 100 sí 150 cc, tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, tó sì ń fi kábúrétọ̀ fa epo. Bajaj Boxer àti TVS láti Íńdíà ló gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà báyìí. Haojue láti Ṣáínà pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Èyí tó bá ń gbé èrò ni wọ́n ń pè ní ọ̀kadà ní Nàìjíríà, orúkọ tí aráàlú yá lára Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Zémidjan ni wọ́n ń pè é ní Bẹ̀nẹ̀.

Àìtọ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun fáwọn tó ń ṣe alùpùpù. Nígbà tí Honda fẹ́ gbé CG125 jáde ní 1976, wọ́n ti rí i pé láwọn orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì àfi tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú. Wọ́n wá yọ ṣéènì kékeré tó máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì bo ṣéènì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí eruku má baà rí i jẹ. CG125 lálòpẹ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe tí kò ní béèrè ọ́ìlì.

Ọ́ìlì

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló yẹ kó ṣáájú, torí àìpààrọ̀ rẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnnì láìpariwo. Mọ́tò lásán a máa gba lítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti alùpùpù 100 cc kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ. Bí ìdajì lítà bá jò nínú ọkọ̀, ọ́ìlì ṣì kù tí yóò gbé e délé. Bí iye yẹn bá dín nínú alùpùpù, ìdajì ohun tó ní ti lọ nìyẹn. Ìwọ̀nba ọ́ìlì yìí kan náà ló tún ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pa pọ̀: ó ń mú kí pístìnnì àti ríìnì yọ̀, ó ń rin eyín gíà, inú rẹ̀ náà sì ni kíláàṣì, tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, wà.

Ìdí nìyí tí kò fi dára kí wọ́n máa da ọ́ìlì mọ́tò èyíkéyìí sí i. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú irin yọ̀ ju bí kíláàṣì alùpùpù ṣe fẹ́ lọ. Kíláàṣì á wá máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù kò sì ní sáré. Ọ́ìlì tó bá a mu máa ń ní JASO MA, àmì ọ́ìlì tó bá kíláàṣì alùpùpù mu, lára ike rẹ̀, kíki 20W-50 sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fọwọ́ sí fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Alùpùpù tú-síróòkù bíi Suzuki AX100 yàtọ̀ ní tirẹ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jóná pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù ni, bíbù kún un ni wọ́n ń bù kún un, ọ́ìlì gíà rẹ̀ sì dá wà lọ́tọ̀.

Láti wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí, wọ́n á gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á pa á, wọ́n á sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, tàbí kí wọ́n wo gíláàsì róbótó ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá wò ó nígbà tó fẹ̀gbẹ́ ti ẹsẹ̀ kan kò ní rí òótọ́. Pé ọ́ìlì dúdú kò ní kó ti bàjẹ́, torí ẹ̀gbin ẹ́ńjìnnì tó ń gbé ló ń sọ ọ́ dúdú. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù ba ènìyàn ni ọ́ìlì tó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí: omi ti wọlé, ó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gba inú àgbàrá kọjá. Èkejì ni èyí tó ń dán yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Ìyẹ̀fun irin nìyẹn.

Pípààrọ̀ àkọ́kọ́ lára alùpùpù tuntun kì í pẹ́, láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà, torí irin tuntun tó ń fara ra irin máa ń ya ìyẹ̀fun púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé tó bá alùpùpù wá ni aláṣẹ. Ẹni tó bá ń rin 100 kìlómítà lóòjọ́ á ti rin 3,000 kí oṣù tó parí, nítorí náà ìpààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lè pẹ́ jù fún ọlọ́kadà, nígbà tí olùkọ́ tó ń gun tirẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítòsí kò tíì sún mọ́ ọn. Níbi tí mítà bá ti kú, ọjọ́ ni kí wọ́n fi kà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbì kan.

Ṣéènì

Ọ́ìlì tí wọ́n bá tú kúrò, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ̀ sí kọ̀ńdẹ́ḿ, ni ọ̀pọ̀ ń fi rin ṣéènì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun irin àti ẹ̀gbin tí wọ́n torí ẹ̀ tú u dànù ni wọ́n tún ń dá padà sáàárín irin mìíràn. Ọ́ìlì gíà 90 dára jù ú lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó. Abẹ́ ṣéènì níbi tó kọjú sí eyín irin tó ń gùn ni wọ́n ń kán an sí, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa. Alẹ́ ló dára jù, nígbà tí ṣéènì ṣì gbóná láti ojú ọ̀nà, tí ọ́ìlì á sì rí gbogbo òru fi wọlé. Ẹni tó bá kán an láàárọ̀ kó tó jáde á rí i lẹ́yìn ṣòkòtò rẹ̀.

Ṣéènì kò gbọdọ̀ le, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ jù. Wọ́n á fi ìka ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè sódò láàárín eyín irin iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nǹkan bíi mílímítà 25 sí 35 ló yẹ kó ṣeré, ìyẹn ò ju ìbú ìka méjì lọ. Wọ́n á yí táyà, wọ́n á tún wọ̀n ọ́ níbòmíràn, torí ṣéènì tó ti gbó kì í dẹ̀ dọ́gba káàkiri. Èyí tó dẹ̀ jù lè fò kúrò lórí eyín kó há táyà ẹ̀yìn mọ́ra lórí eré. Àṣìṣe tí àwọn tó ń kánjú ń ṣe ni pé wọ́n ń fún un le dáadáa ‘kó lè pẹ́’. Bí èrò bá jókòó, tí ẹ̀yìn alùpùpù sì rọ̀ sílẹ̀, ṣéènì náà á tún le sí i, bẹ́ríǹnì àti ọ̀pá gíà ló sì ń jìyà rẹ̀. Àmì tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn gbọdọ̀ dọ́gba kí wọ́n tó dì í pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́.

Níbi tí wọ́n ti so ṣéènì pọ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ là. Apá tó dí ló gbọdọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi í sódì, ohunkóhun tó bá ta lù ú lè já a, ṣéènì á sì tú. Ẹni tó bá gba alùpùpù rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì lè wo èyí láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí eyín irin tí ṣéènì ń gùn bá ti tẹ̀ kọ́rọ́ bí èékánná àwòdì, ó ti tán. Ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì ni wọ́n ń pààrọ̀ pọ̀, torí èyí tó ti gbó á jẹ tuntun run.

Atẹ́gùn, epo àti púlọ́ọ̀gì

Ẹ́ńjìnnì ń mí. Fóòmù inú ẹ́ẹ̀kìlínà, àpótí tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni kì í jẹ́ kí eruku bá èémí rẹ̀ wọlé, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti lójú ọ̀nà oko. Eruku tó bá kọjá lára rẹ̀ á máa ha sílíńdà bí yanrìn ṣe ń ha ìkòkò, títí ẹ́ńjìnnì á fi máa jẹ ọ́ìlì. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ fóòmù. Wọ́n á fún un láìlọ́ ọ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Àwọn tó ń yọ ọ́ dànù kí alùpùpù lè dún dáadáa ń fi ẹ́ńjìnnì wọn tọrẹ.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ zémidjan ló ń ra kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Bótì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lè tú díẹ̀ kó ṣàn jáde. Kò pọn dandan kí wọ́n tú gbogbo kábúrétọ̀.

Púlọ́ọ̀gì, tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, a máa ròyìn ẹ́ńjìnnì. Tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ le. Èédú dúdú gbígbẹ ń sọ pé epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ọ́ìlì tútù lára rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ríìnì tàbí fáàfù tó ti jẹ. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 0.6 sí 0.7.

Bíréèkì àti táyà

Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, nítorí náà bíréèkì iwájú ló lágbára jù. Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò dojú wọn délẹ̀, tí wọ́n sì ń tú wáyà rẹ̀. Méjèèjì ni kí wọ́n máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí alùpùpù bá gba inú omi kọjá, ṣúù bíréèkì kì í mú. Kí wọ́n rọra máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ jẹ́ẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Fún alùpùpù bíi Boxer, nǹkan bíi 25 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà) ni wọ́n ń fẹ́ sí táyà iwájú, 28 sí ti ẹ̀yìn bí ẹnì kan bá ń gùn ún, 32 bí èrò bá wà. Àárọ̀ kí táyà tó gbóná ló yẹ kí fọganáísà wọ̀n ọ́.

Ohun èlò àfikún

Akoto ló ṣáájú gbogbo wọn. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé ó ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin rẹ̀ múni ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ èrò kò fẹ́ fi orí wọn sínú akoto tí orí ẹlòmíràn ti wọ̀, nítorí oògùn tàbí àrùn. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé lọ. Kí ẹni tó máa ń wọ ọ̀kadà déédéé ra tirẹ̀ ló dára jù. Okùn rẹ̀ gbọdọ̀ wà ní dídè lábẹ́ àgbọ̀n. Fóòmù líle inú rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gba ìjàǹbá, torí náà akoto tó ti fi orí gbálẹ̀ kò wúlò mọ́, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Gáàdì ẹsẹ̀ wúlò, ó ń gba ojúgun àti ẹ́ńjìnnì là bí alùpùpù bá ṣubú ní ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí àwọn kan ń ta bò ó nítorí òjò máa ń dí atẹ́gùn tó yẹ kó tu ẹ́ńjìnnì lára. Kááríà náà ní ààlà tirẹ̀: ẹrù tó bá kọjá sẹ́yìn táyà á mú kí iwájú fúyẹ́, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Agbòòrùn ńlá tí wọ́n ń so mọ́ iwájú gba ènìyàn lọ́wọ́ oòrùn, àmọ́ bí tírélà bá kọjá lórí eré tàbí tí ìjì bá dé lórí afárá, ó lè wọ́ alùpùpù kúrò lójú ọ̀nà. Kí wọ́n ká a nígbà náà. Díńgí ẹ̀yìn, tí ọ̀pọ̀ ń yọ kúrò torí kó lè gba àárín ọkọ̀ kọjá, sàn ju gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara táǹkì lọ.

Iná LED, họ́ọ̀nù ńlá àti ẹ̀rọ tó ń gba iná sí fóònù ló pọ̀ jù lóde báyìí. Iná tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń pèsè kò pọ̀, bí wọ́n bá sì so gbogbo wọn mọ́ ọn, bátìrì ni yóò kọ́kọ́ kú. Kí ìkọ̀ọ̀kan ní fíúùsì tirẹ̀. Ibi tí wáyà tètè ń já sí ni ọrùn alùpùpù, níbi tó ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Réwáyà tó mọṣẹ́ á fi àyè sílẹ̀ fún un níbẹ̀, á yí ọwọ́ dé òpin lápá méjèèjì, á wò ó bóyá wáyà kankan fà, kó tó fi téèpù wé e.