Ta ni "suplente" nínú òṣèlú Mẹ́síkò?

Bí ẹ bá ń ka ìtàn lọ́yà kan tó di olóṣèlú ní ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdé ọ̀rọ̀ yìí: diputado suplente (diputado ni aṣòfin). Ẹ má fojú fò ó, torí ẹnu ọ̀nà yẹn ni àwọn kan gbà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìpínlẹ̀ 31 ló wà ní Mẹ́síkò, yàtọ̀ sí Mexico City tí í ṣe olú-ìlú, gbogbo wọn ló sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn. Nígbà ìbò, orúkọ méjì ni ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń fà kalẹ̀ fún àga kan: propietario, ìyẹn ẹni tó ni àga gan-an, àti suplente, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo tí olùdìbò bá fi síwèé, àwọn méjèèjì ló yàn.

Lẹ́yìn ìbúra, propietario á wọlé lọ jókòó. Suplente ní tirẹ̀ á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ lọ́yà, ẹjọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló máa gbájú mọ́, torí kò sí owó oṣù fún un títí wọ́n á fi pè é. Ikú tàbí àìsàn lè mú kí wọ́n pè é, ṣùgbọ́n èyí tó gbádùn mọ́ni jù ni licencia, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti fi àga sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ká ní aṣòfin kan fẹ́ du ipò gómìnà, tàbí gómìnà fẹ́ fi í ṣe kọmíṣọ́nnà: á tọrọ licencia, suplente á búra, á sì di aṣòfin pọ́ńbélé tó ń dìbò tó ń gbowó. Bí ọ̀gá bá fìdí rẹmi níbi tó lọ, ó lè padà wá gba àga rẹ̀. Ni lọ́yà wa bá tún kó fáìlì rẹ̀ nílẹ̀!

Ọdún 2009 ni àléébù ètò yìí hàn kedere. Òfin ti ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fa obìnrin kalẹ̀, ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fà wọ́n kalẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ wọlé ni àwọn kan lára àwọn obìnrin náà tọrọ licencia, àwọn ọkùnrin tó jẹ́ suplente wọn sì gbàga. Àwọn ará Mẹ́síkò sọ wọ́n ní "Juanitas", nítorí Rafael Acosta, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Juanito. Lọ́dún yẹn kan náà ló du ipò olórí Iztapalapa, àgbègbè kan ní olú-ìlú, pẹ̀lú àdéhùn pé tó bá wọlé, òun á gbé e fún Clara Brugada, tí ilé ẹjọ́ ìbò ti gba ìfàkalẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó wá ń fà sẹ́yìn kó tó gbà.

Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ ìbò fòpin sí ọgbọ́n àwọn ẹgbẹ́: bí propietario bá jẹ́ obìnrin, obìnrin ni suplente rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé ọkùnrin lè fi obìnrin ṣe suplente tirẹ̀.