Ta Ló Ní Ẹni Tó Dúró Dáadáa Kì í Mì?

Bí oníjó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí ìtàgé, tó fi ìkejì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn tó ń wòran máa sọ: "Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ mì!" Oríyìn ni, kò sì burú kéèyàn gbóríyìn fún oníjó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá kúrò lẹ́nu òǹwòran tó bọ́ sẹ́nu olùkọ́ ló ń di wàhálà. Ó ti di òfin nìyẹn: le orúnkún, fún ikùn, tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, má mira. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbà pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ń fì ni kò mọ ìdúró. Irọ́ gbáà ni. Ohun tí kò jẹ́ kó tán nílẹ̀ ni pé ó jọ òótọ́ lójú ẹni tó jókòó síbi tó jìnnà.

Pé kò sí ẹ̀dá tó ń dúró láìmì, mi ò ní fàkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Èémí ń wọlé ó ń jáde, ọkàn ń lù, ẹ̀jẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ orí, kó kọjú sí ògiri nínú òkùnkùn, kó dúró bó ṣe mọ̀ ọ́n dúró, kó sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn kiri.

Ìdí tí ara fi ń fì ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Wọ́n rò pé fífì yẹn jẹ́ àṣìṣe, pé ìdánrawò á mú un kúrò bí ìdọ̀tí tí wọ́n fọ̀ dànù. Ẹ gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ gígùn dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá pinnu pé ọwọ́ òun ò ní kúrò lójú kan, ọ̀pá á ti ṣubú kó tó ka ẹẹ́ta. Ọwọ́ tó ń sáré tọ ọ̀pá lẹ́yìn ni ò jẹ́ kó ṣubú.

Báyìí náà lèèyàn rí, àfi pé ọrùn ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìwúwo ara kì í bọ́ sórí ọrùn ẹsẹ̀ gan-an. Iwájú rẹ̀ ló ń bọ́ sí, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà téèyàn bá wà lórí ìdúró ló ń ṣubú síwájú, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló sì ń fà á padà. Okùn tó so iṣan náà mọ́ gìgísẹ̀ kì í sì í ṣe wáyà. Ó ń nà bíi rọ́bà, nínà rẹ̀ sì pọ̀ débi pé òun nìkan ò lè dá ara dúró, bó ti wù kéèyàn le ẹsẹ̀ tó. Iṣan ní láti fà á, kó dẹ̀ ẹ́, kó tún fà á, bí ìgbà 2 tàbí 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fọkàn rò ó á ní bí ara bá ti fì síwájú, iṣan ẹ̀yìn ojúgun á gùn sí i. Òdìkejì ni: ṣe ló ń kúrú, nítorí okùn rọ́bà yẹn ti nà kọjá ibi tí ara fì dé. Ìròyìn pé ara ti fì kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ẹsẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gun ọ̀pá ẹ̀yìn, kí àṣẹ tún sọ̀ kalẹ̀ padà. Kí iṣan tó jẹ́ ìpè, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ohun tí ìròyìn rẹ̀ ń pẹ́ báyìí, ta ló fẹ́ kó dúró bí òpó?

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀rọ̀ ìnira ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ẹ wo adìẹ náà dáadáa: kò tíì já bọ́.

Steve Paxton, oníjó ará Amẹ́ríkà, sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìdánrawò. Ní ọdún 1972, ní Oberlin College ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó kó àwọn ọkùnrin sínú eré kan tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n ń yí gbiiri nílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n kàn dúró. Ìdúró yẹn ló pè ní ijó kékeré. Inú iṣẹ́ yìí ni contact improvisation ti jáde, ìyẹn ijó tí ẹni méjì ń fara kan ara, tí wọ́n ń gba ìwúwo lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n ti to ìṣísẹ̀ sílẹ̀. Ijó kékeré kò ní ohun èlò. Ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bí ìbàdí ṣe fẹ̀, apá sọ̀ sílẹ̀, orúnkún ò le. Ẹ dẹ ara títí dé ibi tó jẹ́ pé bí ẹ bá tún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ óò ṣubú. Ìṣẹ́jú 5, bó bá ṣeé ṣe 10. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ á sú yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìwúwo ń kúrò ní gìgísẹ̀ lọ sí ìdí àtàǹpàkò, ó ń padà bọ̀, ẹ kò sì pàṣẹ fún un.

Títí dé ibí, ọ̀pọ̀ á ní àwọn gbà. Wọn á wá fi ẹ̀yìn gba ibòmíràn wọlé: "Ó dáa, ara ń mì, ṣùgbọ́n agbára ló ń dín in kù." Agbára ikùn, agbára itan, agbára ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, nítorí pé ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń sọ apá tó kù fún wọn.

Ẹ fi ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì lórí ìlà kan ṣoṣo, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ọmọ ìka ti ẹ̀yìn. Ẹ dijú. Ara á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì. Ẹ wá na ìka ìfábẹ̀lá, kí ẹ fi kan ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Fífì náà á lọ sílẹ̀ kíá.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ògiri ló gbé wọn ró. Ó yẹ kéèyàn béèrè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1994, John Jeka àti James Lackner ní Brandeis University ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde pé ìka tí títẹ̀ rẹ̀ kò tó ìwúwo gíráàmù 100 dín fífì kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó iṣẹ́ tí ojú lílà ń ṣe. Ẹ gbé ìka lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ka 100, kí ẹ rí bó ṣe kéré tó. Ìyẹn kò lè gbé ẹni tó wọn kílógíráàmù 70 ró. Bó bá sì jẹ́ pé ìka ń gbéni ró ni, títẹ̀ rẹ̀ àti fífì ara á jọ máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyípadà lábẹ́ ìka ló ń ṣáájú, ara á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìka gbọ́ ìròyìn, ó jíṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Bí ohun tí ìka kàn bá tiẹ̀ ń rọra lọ, tó ń rọra bọ̀, láìjẹ́ pé onítọ̀hún fura, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì tẹ̀lé e. Ikùn ò yí padà, itan ò yí padà. Ìròyìn nìkan ló yí, ìdúró sì bá a yí. Agbára wo ló wà nínú ìyẹn?

Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù lórí ìka kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tí èyí bá yé, ohun tí yóò máa wá nínú ìdánrawò rẹ̀ á yí padà: á dẹ́kun bíbéèrè bí òun ṣe máa le sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ìròyìn ti ń dí. Òun náà ló jẹ́ kí ọwọ́ olùkọ́ tó kan akẹ́kọ̀ọ́ léjìká díẹ̀ máa ṣe ju ariwo "Dúró! Dúró!" lọ.

Ẹ wá wo àwọn òfin yẹn lójú èyí. Orúnkún tó le gbagidi máa ń ti ìwúwo sẹ́yìn sórí gìgísẹ̀, níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní àyè mọ́. Bí ara bá wá fì, ìbàdí ló kù tó lè gbà á, ìbàdí kì í sì í mì díẹ̀. Ẹni tó séèmí kò tíì bọ́, nítorí ó máa mí nígbà tó bá yá, ohun gbogbo á sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ìka tó há ilẹ̀ mọ́ra ló burú jù, òun sì ni ojú kì í tètè rí. Orí ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ jókòó lé: gìgísẹ̀, ìdí àtàǹpàkò, ìdí ọmọ ìka kékeré. Bí ọmọ ìka bá ká kò, àárín ẹsẹ̀ á gbé sókè, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ tó yẹ kó máa gbọ́ ilẹ̀ kò ní kàn án mọ́ dáadáa. Ẹ sún mọ́ oníjó tó mọṣẹ́ nígbà tó bá wà lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn okùn iṣan ibẹ̀ ń yọ, wọ́n ń rì, ẹsẹ̀ ń rọra tẹ̀ sínú, ó ń rọra tẹ̀ síta. Apá rẹ̀ lókè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí òǹwòran rí ni apá.

Ojú títẹ̀ mọ́ ibì kan ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́, pàápàá bí ibi náà bá sún mọ́ni. Àmọ́ nínú ijó òde òní, orí kì í pẹ́ lóòró. Oníjó ń dorí kodò, ó ń yí nílẹ̀, ó ń fi èjìká gba ilẹ̀. Ìgbà yẹn, inú etí wà lára ohun tó kù. Ọ̀pá omi mẹ́ta ló wà ní etí kọ̀ọ̀kan tó ń mọ yíyí, àti àpò méjì tó ní òkúta wínníwínní tó ń mọ títẹ̀ orí àti ìṣísẹ̀ ara. Ẹni tó fi gbogbo ọdún kọ́ ojú nìkan á bá wọn lálejò.

Ẹ̀rí kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ mú èèyàn dúró sí etí pèpéle gíga, kí ẹ̀rù bà á. Fífì rẹ̀ á kéré sí i, á sì yára sí i, nítorí ó ti gan pa. Bó bá jẹ́ pé mímì kékeré ni ìdúró dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rù ni olùkọ́ ijó tó dára jù lọ láyé.

Ní ti àwọn pákó yíyí, ìyẹn pákó tó ń fì lábẹ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń tà káàkiri fún ìdúró, ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta dúró lórí pákó yíyí á mọ pákó yíyí dúró lé. Bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá a dé orí ìtàgé.

Èmi náà ò sọ pé kí oníjó máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n kiri. Ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ sábà máa ń fì níwọ̀nba ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ, ó kéré tán nínú ìdúró tó ti mọ̀ lámọ̀jẹ. Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀ bó bá dijú. Agbára náà ní àyè tirẹ̀: bí iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kò bá lè gbé ara, ìbàdí òdìkejì á já sílẹ̀ kí ìròyìn kankan tó wúlò. Ohun tí mò ń bá jà ni kí wọ́n máa sọ pé agbára nìkan ni.

Ẹni tó bá fẹ́ máa dánra wò pẹ̀lú ojú dídì kó dúró sí igun tí ògiri méjì ti pàdé, kó gbé àga síwájú, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú àáyá 20 péré. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bá ti kú tipiri, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ tàbí ohun mìíràn, ẹ má dijú nínú ìdúró láìsí ẹni tó máa dì yín mú. Ojú yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń gbé yín ró. Bó bá sì jẹ́ pé orí ibùsùn ni ilé ti ń yí, tó jẹ́ pé ẹ kàn yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni òòyì gbé yín, tó lọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó lè jẹ́ pé òkúta wínníwínní inú etí ló ti yẹ̀ kúrò nínú àpò rẹ̀ tó wọ inú ọ̀pá omi. Dókítà tó mọ̀ ọ́n lè yí orí yín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà sáàyè rẹ̀. Ẹ má lọ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan láti fi wò ó sàn.