Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Kọ Kóòdù

Lára ìwé ìwáṣẹ́ tó dé orí tábìlì mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀kan wà tí òróró ti rin dé ojú ewé kejì. Wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà kó tó dé iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́. Òmíràn wá lórí ímeèlì: orúkọ ọ̀tọ̀ lókè, orúkọ ọ̀tọ̀ nísàlẹ̀, torí ẹnìkan náà ní àgbègbè yunifásítì FUTA ló ń bá gbogbo wọn kọ ọ́, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ. Ẹnìkẹta bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra tèmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ àwúre ni. Mo lọ fọwọ́.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ CV. Ẹni tó jáde yunifásítì tí kò mọ ìyẹn, kó bi àbúrò rẹ̀. Kí ẹ ṣáà yọ ẹ̀sìn, gíga àti orúkọ ìyá kúrò níbẹ̀.

Ohun tí iléeṣẹ́ bíi tiwa ń ṣe ni pé báńkì, ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á gbé wàhálà wọn wá, àwa á sì fi kọ̀ǹpútà tú u. Oníbàárà kì í sábà mọ gbogbo ohun tó ń fẹ́ nígbà tó bá dé. Aránṣọ tí kò bá wọn èèyàn, tí kò béèrè bóyá òde ìgbéyàwó ni tàbí ọ́fíìsì, tó ti ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, ẹjọ́ ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò wa fi rí bó ṣe rí.

Tí ìwé yín bá wù wá, ẹnìkan á pè yín lórí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láti ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wá sí ọ́fíìsì, ọ̀kan nínú wa á jókòó tì yín, ẹ ó sì jọ máa kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lórí ohun tí ẹ ti ṣe. Ọ̀gá ló máa rí yín kẹ́yìn. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ má pè mí láràárọ̀ láti béèrè bóyá orúkọ yín ti jáde. Ìdánwò JAMB kọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe láti ilé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà lé. Bí a ṣe kọ ọ̀kan rèé: "Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò kòkó kan fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣètò owó wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́. Ẹ kọ ètò tí yóò máa sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè yá."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ yín á kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ní ₦100,000, ẹ ní kó yá ₦200,000, ó parí. Ẹni tó ti jẹ gbèsè ₦150,000 tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹlòmíì ńkọ́, ṣé owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀? Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá, tó san ₦500,000 lẹ́ẹ̀kan náà, tó fẹ́ gba mílíọ̀nù kan lọ́la? Ẹni tó bá ti dá èésú rí ní Ọjà Ọba mọ̀ pé irú wọn ò wọ́n. A mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ ni. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ ìwé náà, a sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹ pè bí nǹkan kan ò bá yé yín. Ta ní ń pè?

Ọmọbìnrin kan pè wá rí. Ìmọ̀ nípa irúgbìn ló kọ́ ní yunifásítì. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí onídùúró bá kú ńkọ́?" Àwa tí a ṣètò ìdánwò náà ò tíì ro ibẹ̀ dé. Kóòdù rẹ̀ ò dán tó ti àwọn tó jáde pẹ̀lú first class, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ló wà báyìí, òun la sì máa ń kọ́kọ́ rán sí oníbàárà tuntun.

Mo tún máa ń wo Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí èèyàn bá ṣe sí kóòdù. Linus Torvalds ló ṣe é lọ́dún 2005 fún àwọn tó ń kọ Linux, ètò ìpìlẹ̀ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà; gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ ló máa ń so ọjọ́ àti aago mọ́. Bí gbogbo iṣẹ́ yín bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tí àsìkò ń tán lọ, mo ti mọ bó ṣe jẹ́. ChatGPT, ètò tó lè báni kọ kóòdù, kì í ṣe èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ tí mo bá jókòó tì yín, tí mo ní kí ẹ sọ ìlọ́po méjì yẹn di ìlọ́po mẹ́ta fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún nínú ẹgbẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa fọwọ́ kàn. Ẹnìkan ń wo àjà. Òmíì ní iná ló lọ, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ wa ń ké lẹ́bàá fèrèsé.

Ìjókòó yẹn kì í ṣe ìyà. Kent Beck tó ń kọ kóòdù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí kíkọ kóòdù ní méjì-méjì gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1999, títí dòní la sì ń fi í ṣiṣẹ́. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń rò síta. Bí ẹ bá ní "mi ò mọ eléyìí, ẹ jẹ́ kí n wò ó," kò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àjẹ́ńtì ló ń bí mi nínú jù. Ọmọkùnrin kan dé láti Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òun àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú báàgì aṣọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó mú dání dára ju tiwa lọ, ó tún ní òǹtẹ̀ pupa. Wọ́n ti gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó láptọ́ọ̀pù. Ìyá náà ti gbowó sílẹ̀ lórí kòkó tó ṣì wà lórí igi. A pe nọ́ńbà àjẹ́ńtì náà, ó ti pa fóònù. Mo ní, "Mọ́mì, a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́." Ìyá wò mí, ó bọ́hùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, àbí owó yẹn ni ò tíì pé?"

Wọ́n ti gba NIN àti BVN ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ o: àwa ò ní ohunkóhun í fi BVN ẹnikẹ́ni ṣe. NIN, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé pé ẹ gba iṣẹ́. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi nọ́ńbà yín ṣe. A ní kí wọ́n lọ sí báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí tẹ́ṣàn.

Kí wọ́n tó lọ, mo fún ọmọ náà ní ìwé ìdánwò bíi ti gbogbo èèyàn, mo fàlà sábẹ́ nọ́ńbà fóònù wa. Ó sì pè lóòótọ́, lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ mọ iye tí owó ìdánwò náà jẹ́.