Wáyà tí wọ́n fi ń so àgbọ̀n tó kán: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Eegun apá tó bá kán, wọ́n á tò ó, wọ́n á dì í mọ́ nǹkan líle, ó parí. Àgbọ̀n ò gba irú ẹ̀, torí èèyàn á ṣáà gbé itọ́ mì, á yán, á fẹ́ sọ̀rọ̀, iṣan ń fa apá kan lọ sókè, òmíràn ń fa èkejì wálẹ̀, tó bá sì lọ so pọ̀ ní wíwọ́ báyìí pẹ́, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ò ní pàdé dáadáa mọ́, jíjẹ oúnjẹ á di wàhálà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó ń dá ọgbọ́n wáyà yìí ń lé kiri: kí la máa dì mú kí àgbọ̀n tó lè dúró, ṣé eyín ni àbí eegun fúnra ẹ̀?

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ rò ó tì. Ìwé ìṣègùn kan tí wọ́n dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1600 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n ń pè ní Edwin Smith Papyrus lóde òní, kọ́ oníṣègùn bó ṣe máa dá àgbọ̀n tó yẹ̀ padà, kó ki àtàǹpàkò méjèèjì bọ ẹnu aláìsàn, kó fi ìka tó kù gbá a mú nísàlẹ̀, kó tì í padà sáyè ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó kán tí egbò sì wà lójú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èyí ò ṣeé tọ́jú. Ó le o, ṣùgbọ́n wọn ò tan ẹnikẹ́ni.

Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ló ní kí wọ́n fi okùn wúrà, tàbí òwú ọ̀gbọ̀ tí wúrà ò bá sí, so eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kán mọ́ra wọn, kì í sì í ṣe méjì péré. Ọgbọ́n gidi ni, ó kàn kù díẹ̀ káàtó: eyín ìsàlẹ̀ mọ́ eyín ìsàlẹ̀ ni, àgbọ̀n yẹn ṣì ń mì.

Ìgbà tó di 1275 ni oníṣẹ́ abẹ kan ní Ítálì, Guglielmo da Saliceto, kọ ọ́ pé kí wọ́n so eyín àgbọ̀n tó kán mọ́ ti àgbọ̀n tí nǹkan kan ò ṣe. Èmi ka èyí sí ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, torí àgbọ̀n òkè kì í rìn, ó ti lẹ̀ mọ́ agbárí, o wá so èyí tó ń rìn mọ́ èyí tí ò rìn, eyín òkè fúnra ẹ̀ á sì máa fi ibi tó yẹ kí tìsàlẹ̀ jókòó sí hàn ẹ́. Ẹ sì wá wò ó, wọ́n gbàgbé ẹ̀ ni o! Ó lé ní 600 ọdún tó fi wà nínú ìwé lásán, tí wọ́n ń fi aṣọ wé àgbọ̀n mọ́ àtàrí, bẹ́ẹ̀ aṣọ yẹn tún lè ti àgbọ̀n sẹ́yìn.

Ní 1847 ni Gurdon Buck, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, fi wáyà so eegun àgbọ̀n fúnra ẹ̀. Ó dá a láṣà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò àrùn nígbà náà, ẹni tó bá la eegun sílẹ̀ ń wá ìjàngbọ̀n ni. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Thomas Gunning àti James Baxter Bean, oníṣègùn eyín ni àwọn méjèèjì, ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n wà, wọ́n ń lo rọ́bà líle tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, wọ́n á ṣe é kó bá eyín mu, kó lè di àgbọ̀n mú nínú ẹnu, wọ́n á sì dá ihò sí iwájú kí oúnjẹ olómi lè máa kọjá. Gunning yìí náà ló tọ́jú William Seward, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tó já bọ́ láti inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní April 5, 1865, tí àgbọ̀n ẹ̀ sì kán. Kò ju ọjọ́ 9 lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí ẹnì kan tún fi ọ̀bẹ ṣá a lójú lórí bẹ́ẹ̀dì, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Lincoln, Seward sì yè é.

1887 ni Thomas Gilmer padà sí ohun tí Saliceto sọ. Á fi wáyà yí eyín kọ̀ọ̀kan ká, á lọ́ ọ, á wá lọ́ tòkè mọ́ tìsàlẹ̀. Ó yá, ó sì rọrùn, ìṣòro ẹ̀ ni pé tí o bá fẹ́ la ẹnu aláìsàn wò, gbogbo iṣẹ́ lo máa tú, kó o tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Robert Ivy ló wá mú ojú abẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́: o máa lọ́ àárín wáyà kan kó di òrùka kékeré, o máa ki ẹnu méjèèjì gba àárín eyín méjì kọjá sẹ́yìn, ọ̀kan á yí eyín ẹ̀yìn ká, èkejì á yí ti iwájú, wọ́n á tún jáde síta, o máa ki ọ̀kan gba inú òrùka yẹn, kó o wá lọ́ wọn pọ̀. Wáyà mìíràn ló máa so òrùka òkè mọ́ tìsàlẹ̀, ìyẹn nìkan lo máa gé tí ẹnu bá ní láti là. Tí aláìsàn bá fẹ́ bì lóru, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa mọ ìwúlò ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé wáyà fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí aláìsàn nígbà gbogbo.

Ogun àgbáyé kìíní ló sọ arch bar di ìlúmọ̀ọ́ká, torí ọmọ ogun tó yọjú látinú kòtò tí wọ́n ń sá sí, ojú ni ọta ń bà, eyín míì á sì ti fò lọ, òrùka Ivy ò ní rí ibi dì mú. Arch bar jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bá ẹsẹ̀ eyín, ó ní ìkọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ gbogbo eyín tó bá kù. John Erich ti Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí orúkọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn dókítà dòní, ní àwọn ọdún 1940. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé rọ́bà ṣeé fi kọ́ àwọn ìkọ́ yẹn dípò wáyà, á máa fa eyín padà sáyè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ó ń gba àkókò gan-an, eyín ò ṣeé fọ̀ dáadáa, ìdí eyín á máa dunni, wáyà sì ń gún dókítà gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá, èyí tó di ọ̀rọ̀ ńlá nígbà tí ẹ̀rù hẹpatáítísì B àti HIV dé.

Ó jọ pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè gba síkírúù, tí Arthur àti Berardo kọ nípa ẹ̀ ní 1989. Wọ́n á dè é mọ́ eegun tààrà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á fi wáyà so orí wọn pọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí. Tí ọwọ́ bá ṣì lọ pẹ́nrẹ́n sha, ó ti lu gbòǹgbò eyín nìyẹn, tí eegun bá sì rún sí wẹ́wẹ́, síkírúù mẹ́rin ò lè kó gbogbo ẹ̀ jọ bí arch bar ṣe máa kó o.

Pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi síkírúù dè mọ́ eegun, ló yẹ kó pa gbogbo wọn rẹ́. Michelet ní 1973, Champy ní Strasbourg lẹ́yìn ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjèèjì, wọ́n fi hàn pé pléètì tín-ínrín kan tó bá wà níbi tí eegun ti fẹ́ là sílẹ̀ ti tó, aláìsàn á lè máa la ẹnu, á máa jẹ nǹkan rírọ̀, kò ní fi ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 pa ẹnu dé. Síbẹ̀, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tó de pléètì yẹn, wọ́n ṣì máa ń so eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀ ná, torí eegun lè jọ pé ó ti bára mu lójú kí eyín má pàdé. Wọ́n á de pléètì tán kí wọ́n tó gé wáyà.

Ẹni tí ò ní eyín kankan ńkọ́? Eyín àtọwọ́dá ẹni náà ni wọ́n lè fi wáyà tó yí eegun àgbọ̀n ká so mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n ṣe irú rọ́bà tí Gunning ṣe, ike ni wọ́n kàn fi ń ṣe é báyìí.